Ìbọn Tí Ó Bá Apá Bàbá Mi Mu

Nígbà tí mo wà ní kékeré tó bẹ́ẹ̀ tí ìbọn tó fara ti ògiri ìyẹ̀wù bàbá mi fi ga jù mí lọ, mo gbà lọ́kàn mi pé ọjọ́ tí orí mi bá kan ẹnu ìbọn náà ni mo di ọkùnrin. Àràárọ̀ ni mo ń lọ wọn ara mi mọ́ ọn. Abúlé wa kò jìnnà sí Ìrókò, ní àríwá Ìbàdàn. Ẹni tó bá jáde nílé kí ìrì tó gbẹ yóò dé Ìrókò kí oòrùn tó mú. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n tọ́ dàgbà ní irú abúlé bẹ́ẹ̀, ó dá mi lójú pé ẹ kò tíì gbàgbé ọyẹ́ ìgbà náà: bí ó ti ń bo igi mọ́lẹ̀ ní òwúrọ̀, tí ilé tó wà níwájú ẹni yóò dà bí ilé tí a rí lójú àlá, tí ohùn àwọn obìnrin tó ń ti odò bọ̀ yóò ti dé etí wa tipẹ́ kí a tó rí ìkòkò orí wọn. Nínú kùrukùru yẹn ni gbogbo ìgbà èwe mi wà títí di òní. Bí mo bá fẹ́ rí i, ojú ni mo ń dì.

Ilé ọdẹ ni ilé wa. Òórùn rẹ̀ kò jọ ti ilé mìíràn: òórùn ẹran gbígbẹ lórí àjà, òórùn awọ, àti òórùn ẹ̀tù ìbọn tó ń ta síni nímú. Ní ọjọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa, bàbá mi a da ẹ̀tù sínú ọpọ́n, a sì gbé e síta kí ó gbẹ. Iṣẹ́ tèmi ni láti jókòó tì í kí n máa lé adìyẹ, nítorí pé adìyẹ kò mọ ẹ̀tù yàtọ̀ sí yánmọtí. Ìyá mi a fún mi ní èsun iṣu kan, pẹ̀lú epo àti iyọ̀ nínú ewé, kí oorun má baà gbé mi lọ. Oorun a sì gbé mi lọ. Ní ọjọ́ kan tí n kò sùn, mo bu ẹ̀tù díẹ̀ sínú ìbọn tí mo fi pòròpórò àgbàdo ṣe, mo sì fi ẹyin iná kàn án. Irun ìpéǹpéjú mi méjèèjì ló bá a lọ. Ìyá mi kọ́kọ́ fi àdí pa ojú mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ń para fún ọmọ tuntun, kí ó tó ní kí n kúnlẹ̀ kí n na apá méjèèjì sókè títí iṣu tó wà lórí iná yóò fi jinná. N kò mọ ohun tó ṣe iṣu ọjọ́ náà. Kò tètè jinná.

Bàbá mi, Àjàní, kò sígbọnlẹ̀. Àìsàn kan ni wọ́n ní ó dá a dúró ní kékeré, kò sì dàgbà kọjá ibẹ̀ mọ́. Èjìká rẹ̀ kò fẹ̀ ju ti ìyá mi lọ, apá rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ní abúlé wa, kò sí ẹni tó mọ ipa ẹsẹ̀ ẹran tó o. Yóò bẹ̀rẹ̀, yóò fi ọwọ́ kan ilẹ̀, yóò sì sọ fún ọ bóyá àgbọ̀nrín tó kọjá níbẹ̀ lóyún tàbí kò lóyún.

Ogún bàbá rẹ̀ ni ìbọn tó fara ti ògiri. Amúlẹ̀mìtìtì ni orúkọ rẹ̀. Láti ojú ogun ni ó ti wọ ilé wa; ẹnu rẹ̀ gba àtàǹpàkò àgbàlagbà, ìdí rẹ̀ sì wúwo bí odó. Mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ nípa àwọn baba wa níhìn-ín, bí kò tilẹ̀ dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú. Wọ́n gbàgbọ́ pé bí ìbọn bá ti dún tó ni yóò ti pa ẹran tó, nítorí náà wọn a da ẹ̀tù kún inú rẹ̀ títí. Nítorí pé ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn fúnra wọn, wọn kì í fi ìdí ìbọn ti èjìká. Ìbàdí ni wọ́n ti ń yìn ín, wọn a sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ọmọdé tí a fẹ́ rọ àgbo fún. Ẹni tí ara rẹ̀ wúwo a dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà. Bàbá mi kò wúwo.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, ẹtu kan dúró níwájú rẹ̀, kò jìnnà ju ibi tí ọmọdé lè sọ òkò dé. Ó yin Amúlẹ̀mìtìtì. Ìbọn náà ta á nípàá, ó sọ ọ́ sẹ́yìn sínú koríko, ọta sì lọ bá ẹ̀ka igi lókè. Àwọn tó rí i sọ pé ẹtu náà kọ́kọ́ dúró wò ó, bí ẹni tó fẹ́ kí i kú ewu, kí ó tó máa lọ ní tirẹ̀. Olúọdẹ wa, ọkùnrin gíga kan tí ń jẹ́ Ọdẹ́jìmí, bi í lójú gbogbo ènìyàn pé, "Àjàní, ṣé ìwọ lo gbé ìbọn wá sóde ni, àbí òun ló gbé ọ wá?"

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín lásán. Nígbà tí a bá ń sun ìgbẹ́ ní ẹ̀ẹ̀rùn, ìdílé ọdẹ kọ̀ọ̀kan ní ibùba tirẹ̀, ibi tí yóò ti dúró de ẹran tí iná bá lé jáde. Tiwa wà létí odò, lábẹ́ igi ọdán kan, kò sì sí ibùba tó dára tó o. Òfin ẹgbẹ́ ọdẹ ni pé bí àrólé bá jókòó sí ibùba bàbá rẹ̀ fún ẹ̀ẹ̀rùn méjì láìpa ẹran ńlá kan, a ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní bá àwọn ọdẹ jókòó mọ́. Ẹ̀ẹ̀rùn kan ti lọ. Ọdẹ́jìmí sì ní ọmọkùnrin kan tí kò tíì ní ibùba.

Ìyá mi ló la ọ̀nà. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbé ojú sókè. Ó ní, "Bàbá Àlàó, agbádá bàbá yín tí ẹ jogún, ṣé bí ẹ ṣe bá a ni ẹ wọ̀ ọ́?"

Bàbá mi ní, "Ìwọ náà lo gé ọwọ́ rẹ̀."

"Mo gé ọwọ́ rẹ̀, mo ká etí rẹ̀ sókè. Kò sì sí ẹni tó sọ pé ẹ kì í ṣe ọmọ bàbá yín mọ́."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a gba ọ̀nà Ìrókò, bàbá mi níwájú, èmi lẹ́yìn, nínú ọyẹ́. Alágbẹ̀dẹ kan wà níbẹ̀ tí ń tún ìbọn ṣe, baba arúgbó tí ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ tó ń rọ lọ. Ìbọn pọ̀ lára ògiri àgbẹ̀dẹ rẹ̀, èyí tó ti ojú ogun dé àti èyí tó ti etí òkun wá. Ẹwìrì tí a fi ń fẹ́ná ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná bí ẹran tó sùn. Bàbá mi kí i tán, ó ní ìbọn ni òun ń wá.

"Ti ogun ni àbí ti ọdẹ?"

"Ṣé wọ́n yàtọ̀ ni, Bàbá?"

"Ọ̀pọ̀ èèyàn lo ń yin ti ogun sí, ibi tó bá bà, ó bà. Àgbọ̀nrín, ẹyọ kan ni, kò sì níí dúró dè ọ́." Ó wo bàbá mi láti òkè dé ilẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. "Wá. Mú ti àkọ́kọ́ yìí, nà án síwájú títí n ó fi jẹ obì yìí tán."

Ìbọn gígùn ni. Obì náà kò tíì dé ìdajì tí ẹnu ìbọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí arúgbó tí ń tòògbé. Alágbẹ̀dẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló mú èkejì, ìbọn kúkurú kan tó fúyẹ́, inú rẹ̀ sì dùn sí i. Alágbẹ̀dẹ ki àtàǹpàkò bọ ẹnu rẹ̀, ó sì yọ ọ́. "Èyí ni yóò pa ọ́," ni ó wí. "Ìbọn tó fúyẹ́, tí ọta rẹ̀ wúwo, èjìká ẹni tó yìn ín ni yóò jẹ gbogbo ìyà rẹ̀. Àwọn èèyàn kúkurú ló sì máa ń yàn án, nítorí pé ó kúrú bíi tiwọn."

Ẹ̀kẹta ni kò sí ẹni tó ń wò. Kòkòrò ti jẹ igi ìdí rẹ̀. Kò gùn jù, kò kúrú jù, irin rẹ̀ sì nípọn débi tí ìwúwo rẹ̀ fi lè gba ìpá ẹ̀tù mọ́ra. Alágbẹ̀dẹ pè mí, ó ní kí n ki ìka mi tó kéré jù bọ ẹnu rẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ rẹ́gí. Ó ní kí bàbá mi ká apá rẹ̀, ó gbé ìdí ìbọn sí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ nínú, ó sì wò ó bóyá ìka rẹ̀ dé ibi irin tí a ń fà. Kò dé e. "Ìka méjì ni igi yìí fi gùn jù fún ọ," ni ó wí, ó sì mú ayùn. Ohun tí gbogbo ìlú ti ń pè ní àìlágbára bàbá mi, ìka méjì igi ni. Mo rí i tó bọ́ sílẹ̀.

Bàbá mi ní, "Ọta kékeré yìí, Bàbá, ṣé ó lè dá àgbọ̀nrín dúró?"

"Ta ló sọ fún ọ pé ariwo ló ń pa ẹran? Ibi tí ọta bá wọ̀ ni. Lẹ́yìn apá iwájú, níbi tí èémí wà. Bí o bá rán ọta ńlá sí ìrù rẹ̀, yóò gbé e lọ sílé fi han àwọn ọmọ rẹ̀."

Ó rọ ọta irin mẹ́sàn-án fún un, róbótó. Ó lu ihò kan sára irin pẹlẹbẹ. Ọta tí kò bá gba inú ihò náà kọjá, tàbí tó bá ń mì nínú rẹ̀, ó padà sínú iná. Ìkarahun ìgbín kékeré kan ni ó fi wọn ẹ̀tù, ó sì búra pé bí bàbá mi bá kọjá ìwọ̀n yẹn, òun yóò wá gba ìbọn náà padà. Ọjọ́ mẹ́rin ni bàbá mi fi bá a kọ ebè lóko nítorí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, fún oṣù kan gbáko, ó ń fi ìdí ìbọn ti èjìká, ó ń la ojú rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, ó sì ń yin akèrègbè tó ti fọ́ lẹ́yìn ilé. Ọta tó bá wọ inú ògiri, èmi ni mo ń fi igi wa á jáde. Àwọn ọdẹ tó bá ń kọjá a dúró, wọn a ní, "Àjàní, ìró kí nìyẹn? Ṣé ìyàwó rẹ ń fọ́ ẹ̀kùrọ́ ni?"

Ọjọ́ tí a sun ìgbẹ́ dé. Mo máa ń rò nígbà mìíràn pé àlá ni mo lá. Ọyẹ́ àti èéfín ti di ọ̀kan náà, oòrùn pupa láàárín wọn bí epo nínú ẹ̀kọ, eérú sì ń rọ̀ sórí wa wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àwa ọmọdé àti àwọn obìnrin dúró lójú ọ̀nà tí a ti ro, igi lọ́wọ́ wa, a ń dúró de òkété. Mo ń rí bàbá mi lábẹ́ igi ọdán, ó kéré, kò mira. Nígbà náà ni àgbọ̀nrín kan jáde láti inú èéfín. Kò sáré. Ó ń rìn bí ẹni tó ń ronú, tótòtó funfun wà lára rẹ̀, ó sì dúró, ó yí orí sí odò.

Ìbọn bàbá mi dún, pà, ohùn kékeré. Àgbọ̀nrín náà fò sókè lẹ́ẹ̀kan, ó wá sáré kọjá sí ìhà Ọdẹ́jìmí. Ojú mi ló ṣe: orúnkún rẹ̀ ti ń yẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti ń kúnlẹ̀. Ìgbà náà ni ìbọn Ọdẹ́jìmí dún, tí ilẹ̀ mì, tí èéfín bo gbogbo ibẹ̀. Nígbà tí èéfín lọ, àgbọ̀nrín ti wà nílẹ̀. Ariwo ayọ̀ sọ. Etí ni wọ́n fi rí ẹni tó pa á.

Àṣà wa ni pé ojú igbó ni a ti ń kun ẹran tí ìbọn méjì bá dún sí, kí gbogbo ọdẹ lè rí ọta tó wà nínú rẹ̀. Ọdẹ́jìmí ní oòrùn ti ń mú, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé òun. Bàbá mi sún mọ́ ọn, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ dákun, Olúọdẹ, ẹ jẹ́ kí a kun ún níbí."

"Kí la fẹ́ wá nínú rẹ̀? Ẹ̀kùrọ́?"

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rín yẹn ti ń dùn mí.

Ní ilé rẹ̀, wọ́n tú inú àgbọ̀nrín náà láti rí ọta tí wọn yóò fi pamọ́, wọn kò sì rí i, nítorí pé ohun ńlá ló mọ́ wọn lára láti máa wá. Ọ̀kan nínú àwọn tó kun ẹran náà ló sọ èyí fún mi nígbà tí ó darúgbó. Wọ́n fi igẹ̀ díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa gẹ́gẹ́ bí ìpín tiwa. Ìyá mi fi irú àti ata sè é. Nígbà tí mo gé eegun kan jẹ, nǹkan kan dún ní ẹnu mi, eyín iwájú mi tó ti ń mì láti ọjọ́ mélòó kan sì jáde. Mo tu eyín náà sí àtẹ́lẹwọ́. Ọta irin kan, róbótó, tẹ̀lé e jáde.

Bàbá mi fọ ọta náà nínú omi, ó gbé ìbọn rẹ̀ sílẹ̀ kúrò lára ògiri, ó sì sọ ọta sí ẹnu ìbọn náà. Ó lọ sísàlẹ̀ láìdúró, kò sì mì. Eyín mi ni mo jù sórí òrùlé bí gbogbo ọmọdé ti ń ṣe. Ọta, bàbá mi dì í sínú aṣọ.

Ó mú un lọ sí ìpàdé àwọn ọdẹ, èmi sì tẹ̀lé e nítorí pé ẹnu mi ni a ti rí i. Alágbẹ̀dẹ náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láti Ìrókò wá. Ó gbé irin pẹlẹbẹ rẹ̀ sójú wọn. Ọta náà gba inú ihò kọjá bí ẹni tó mọ ọ̀nà ilé.

Ọdẹ́jìmí ní, "Ẹran a máa gbé ọta kiri. Ta ló mọ ọdún tí èyí ti wà lára rẹ̀?"

Alágbẹ̀dẹ ní, "Oṣù tó kọjá ni mo rọ ọ́."

"Irin náà ló jẹ́ ọ lóhùn bẹ́ẹ̀?"

"Ó dára. Awọ kì í purọ́. Ẹ mú awọ àgbọ̀nrín náà wá, kí a wo ihò tó wà lára rẹ̀."

"A ti sun awọ. A ti jẹ ẹ́." Ọdẹ́jìmí yíjú sí àwọn tó jókòó. "Ẹ̀yin tí ẹ jẹ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni rí ihò kan?"

Àwọn ọkùnrin mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀. Mo kà wọ́n. Itan ló kan ẹlòmíràn nínú wọn, ẹ̀dọ̀ ló kan ẹlòmíràn. Àwọn tó rí àgbọ̀nrín náà tó ń kúnlẹ̀ kí ìbọn Olúọdẹ tó dún wà láàárín wọn. Ẹnìkan ń fi igi ya ilẹ̀. Ẹnìkan ń wo ọ̀run bí ẹni tí ń retí òjò nínú ọyẹ́. Gbogbo wọn pa ẹnu mọ́, a sì fi ìdákẹ́jẹ́ wọn gba ibùba bàbá bàbá mi, a fi fún ọmọ Ọdẹ́jìmí. Ìwà ibi náà kò bí mi nínú tó ìdákẹ́ náà.

Ní ọ̀nà ilé, bàbá mi yà sí abẹ́ igi ọdán. Ó dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ó ní, "Àlàó, ìwọ rí i?"

Mo ní, "Mo rí i, Bàbá."

Ó ní, "Ó tó."

Ó ṣọdẹ lórí oko ara rẹ̀ títí ó fi kú, ẹran kò sì wọ́n ní ilé wa. Ṣùgbọ́n kò jókòó láàárín àwọn ọdẹ mọ́, wọn kò sì ṣe ìsìnkú ọdẹ fún un.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Lóde òní, ìdí ni ìbọn ti ń gba ọta, a sì ti wọn ọta rẹ̀ láti ibi tí a ti ṣe é. Àwọn ọ̀dọ́ ń ra ìbọn ní Ìbàdàn láìká apá wọn wọ̀n. Èyí tó bá dún jù náà ni wọ́n ṣì ń béèrè, wọ́n sì ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú èjìká wíwú. Kò sí òkété lójú ọ̀nà wa mọ́ bíi tàtijọ́, ọyẹ́ pàápàá kò nípọn tó bẹ́ẹ̀ mọ́, tàbí ojú mi ni kò ríran bíi ti ìgbà náà. Ohun kan ṣoṣo ni kò yí padà. Bí a bá ń kì àwọn ará ilé Ọdẹ́jìmí ní ibi àríyá títí di òní, a ń pè wọ́n ní ọmọ apàgbọ̀nrín-létí-odò. Inú wọn a dùn, wọn a mi orí.

Àwọn tó kọ́ mi ní ìwé kọ́ mi pé ohun tí a kọ sílẹ̀ kì í gbàgbé. Ìbọn tí a gé ní ìka méjì ń bẹ lára ògiri mi. Ọta náà wà lórí tábìlì yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò tàdáwà, ó ti dúdú, ó sì tutù. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣiyèméjì lè wá sọ ọ́ sí ẹnu ìbọn náà fúnra rẹ̀, kí ó gbọ́ bí yóò ti lọ sísàlẹ̀.

Bàbá mi ní ó tó pé èmi nìkan rí i. Mo ti gbọ́ràn sí i lẹ́nu nínú ohun gbogbo, àfi èyí. Nísinsìnyí, ẹ̀yin náà ti rí i.